Màmá yín tó ń lo warfarin: ẹ̀fọ́ kọ́ ló ń já mi láyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú aájò màmá. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀, kídìnrín wọn ò tún dáa, wọ́n wá fún wọn ní warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ṣé kí wọ́n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìyá tèmi náà ní ṣúgà àti kídìnrín. Nígbà tẹ́sẹ̀ òsì wọn wú, dókítà tá a kọ́kọ́ rí l'Ábẹ́òkúta níbí ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní kídìnrín ni, ká máa lọlé. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo o! Ti kídìnrín, méjèèjì ló sábà máa ń wú. Sílípáàsì ọ̀tún wọ̀ wọ́n, tòsì ò kọjá ọmọ ìka, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì gbóná. Èmi òpònú tún ń fi róòbù wọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé wọn kì í wọ́ ẹsẹ̀ tẹ́jẹ̀ bá dì sí. Ìgbà tí wọn ò lè mí dáadáa mọ́ la gbé wọn lọ síbòmíì, wọ́n ṣe scan, àṣé ẹ̀jẹ̀ ló dì.

Ibẹ̀ náà nìyà wà. Abẹ́rẹ́ enoxaparin, òun náà kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, inú ikùn ni wọ́n ń gún un sí, láàárọ̀ lálẹ́. Kídìnrín ló ń kó oògùn yẹn kúrò lára, tí kò bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù. Ọ̀rọ̀ kídìnrín wọn wà lójú fáìlì gbàgàdà, kò sẹ́ni tó wò ó. Lọ́jọ́ kẹrin màmá ń run orín, orín di pupa. Mo pe nọ́ọ̀sì, ó ní ká fomi iyọ̀ yọ ẹnu. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìrọ̀rí, ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọn dé, ó wo pépà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló yẹ kó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan! Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún màmá lóògùn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kídìnrín fún un, bó tiẹ̀ ń kanra.

Ẹ má jẹ́ kí kẹ́mísìtì kankan ta oògùn ara ríro bíi diclofenac tàbí ibuprofen fún wọn, ó ń ba kídìnrín jẹ́, ó tún ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ya. Àgbo Láfẹ́nwá náà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Áà, ẹ̀fọ́. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, vitamin K inú ẹ̀ ló ń bá warfarin jà, ẹni tí ò jẹ ẹ́ fọ́sẹ̀ méjì tó wá jẹ odindi ìkòkò lọ́jọ́ Sunday ni INR ẹ̀, àyẹ̀wò tó ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kẹ́jẹ̀ tó dì, máa ń dàrú. Àmọ́ dókítà kídìnrín lè ní òfin tiẹ̀ nítorí potassium inú ẹ̀fọ́, ẹ bi í. 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí INR wà. Èló ni tiwọn nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn?