Ojú Tó Ń Ta, Ojú Tó Ń Ro: Ìbéèrè Àwọn Tó Ní Làkúrègbé

Làkúrègbé tí à ń sọ níbí ni rheumatoid, irú èyí tí ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ti yíjú pa dà sí ara, tó ń bá oríkèé jà. Orúnkún tó kàn jẹ nítorí ọjọ́ orí kọ́ là ń wí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún 8 tí làkúrègbé yìí ti ń bá mi fínra. Ní báyìí, ojú ń ta mí bíi pé iyanrìn bọ́ sí i, pàápàá tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ sí i, omi á máa dà wàràwàrà. Ọmọ mi ní ojú mi gbẹ ni. Ojú tó ń ṣomi ha lè gbẹ bí? — *Ìyá Bùkọ́lá*

Ìdáhùn: Ọmọ yín ò parọ́, Mà. Omi ojú ò rí bákan náà. Èyí tó ń rin ojú díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ní òróró lórí, òróró yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Omi yìí ni làkúrègbé máa ń dín kù, nítorí ó ń ba ẹṣẹ́ tó ń pèsè rẹ̀ jẹ́. Èyí tó ń dà wàràwàrà jẹ́ igbe tí ojú gbígbẹ ń ké nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gún un. Ó kàn ń ṣàn lọ ni, kì í dúró bo ojú. Bí ẹnu náà bá ń gbẹ, tí ẹ ò lè gbé oúnjẹ mì láìfi omi tì í, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè jẹ́ àìsàn Sjögren, èyí tó ń mú kí ojú àti ẹnu gbẹ, tí wọ́n fi orúkọ Henrik Sjögren pè, dókítà ojú ará Sweden tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1933.

Dókítà lè fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Bí omi kò bá rìn kọjá mìlímítà 5 lára bébà náà, gbígbẹ ojú ọ̀hún ti le.

Omijé àtọwọ́dá ni oògùn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, ẹ béèrè irú èyí tí wọn ò fi kẹ́míkà amóògùn-má-bàjẹ́ sí, nítorí benzalkonium chloride, tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìgò yòókù, máa ń bó ojú tó ti gbẹ. Ẹ̀kán 1 tó. Èkejì á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sí àárín oògùn ojú kan sí òmíràn. Jẹ́ẹ̀lì dára fún òru, nítorí ó máa ń mú kí ojú ríran bàìbàì fúngbà díẹ̀. Ẹ má ṣe jókòó kọjú sí fáànù.

Ìbéèrè: Ojú ọ̀tún ọkọ mi pọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ó ń ro òun wọ inú egungun, oorun ò sì kun òun lóru. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú kí ojú funfun ní kẹ́mísì, kò gbọ́. Ṣé ká fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i? — *Ìyàwó Rẹ̀*

Ìdáhùn: Rárá o. Òní yìí náà ni kó rí dókítà ojú. Ojú tó ń ta, tó ń yún, lè dúró de ọjọ́ àdéhùn. Èyí tó ń ro, tí ìrora rẹ̀ ń lọ sí iwájú orí tàbí àgbọ̀n, tó ń jí èèyàn lóru, kì í dúró. Ó jọ scleritis, ìyẹn ni pé funfun ojú ti wú láti inú, ó sì lè fọ́ ojú.

Ó ní àbúrò kan tí kò le tó o, episcleritis. Ojú á pọ́n, kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Dókítà lè kán oògùn ojú kan tí wọ́n ń pè ní phenylephrine sí i láti fi ìyàtọ̀ wọn hàn: pípọ́n ti episcleritis á lọ sílẹ̀, ti scleritis á dúró, á sì dà bí elésè-àlùkò. Oògùn mímu ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú scleritis, kí dókítà oríkèé rẹ̀ sì gbọ́ sí i, nítorí ó máa ń fi hàn pé làkúrègbé náà kò tíì rọlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má kán àṣẹ́kù oògùn steroid (oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀) ẹnikẹ́ni. Bí àìsàn bá ti ń jẹ etí dúdú ojú, oògùn yẹn lè mú kó fẹ́lẹ́ títí tí á fi lu. Irú scleritis kan tún wà tí kì í dunni rárá, tó jẹ́ pé funfun ojú kàn ń di aláwọ̀ aró. Ògiri ojú ló fẹ́lẹ́ débi pé inú ti ń hàn síta. Ẹni tí làkúrègbé ti bá gbé pẹ́ ló sábà ń mú.

Ìbéèrè: Kílò 60 ni mo wọ̀n. Hydroxychloroquine, oògùn làkúrègbé, mílígíráàmù 400 ni mò ń lò lójúmọ́. Wọ́n ní ó ń fọ́jú. Ṣé kí n dá a dúró? — *Olùkọ́*

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Wọn kì í fẹ́ kó kọjá mílígíráàmù 5 fún kílò 1 lóòjọ́. 60 lọ́nà 5 jẹ́ 300. Ẹni tó bá wọn kílò 80 ni 400 tọ́ sí. Dókítà lè ní kí ẹ lo 200 lónìí, 400 lọ́la. Ẹ yẹ ojú wò láàárín ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún láti ọdún 5. Bí kíndìnrín bá ń ṣàìsàn, tàbí tí ẹ ń lo tamoxifen (oògùn jẹjẹrẹ ọmú), ẹ má dúró di ọdún 5. Àyẹ̀wò OCT, tó ń ya àwòrán awọ ẹ̀yìn ojú, àti ti bí ojú ṣe ń ríran yíká ni kí ẹ béèrè. Ohun tí oògùn yìí bá bàjẹ́ ní awọ ẹ̀yìn ojú kì í pa dà, ẹni tó sì ń sọ pé “mò ń ríran dáadáa” lè ti ń pàdánù.

Ìbéèrè: Ìka mi ò lágbára láti tẹ ìgò oògùn ojú. — *Bàbá Àgbà*

Ìdáhùn: Ẹ dùbúlẹ̀, Bàbá, kí ẹ fi ọwọ́ ti iwájú orí kó má gbọ̀n. Ẹ di ojú, ẹ kán an sí igun ẹ̀gbẹ́ imú, kí ẹ wá la ojú, á ṣàn wọlé. Bí ìwé rẹ̀ bá gbà á láyè, ẹ fi í sínú fíríìjì; títutù rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó bọ́ síbẹ̀. Ike kan wà tí wọ́n ń fi ìgò sí, tó jẹ́ pé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lẹ ó fi fún un. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn.