Ṣé Fíìmù Babaláwo Ń Ba Ìrun Ogójì Ọjọ́ Jẹ́?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, ààfáà wa. Ọ̀rọ̀ fíìmù ti fẹ́ tú àsàlátù wa ká. Ààfáà kan tó wá ṣe wáàsí sọ pé ẹni tó bá wo fíìmù tí babaláwo ti ń dífá, ìrun rẹ̀ di òfo fún ogójì ọjọ́. Òmíràn ní ká gbé tẹlifíṣọ̀n sọnù, pé harámù ni gbogbo fíìmù pátá. Àwọn ọ̀dọ́ ní eré lásán ni. Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ràn fíìmù ẹ̀rù àti ti ọ̀daràn tó máa ń gbé ọkàn ẹni sókè. Èmi fẹ́ràn ti ìdílé. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, ọmọ ọdún 11 ni àgbà wọn, ọmọ ọdún 6 ni àbíkẹ́yìn. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa gbọ́ wáàsí yẹn, ó ti pa ìrun tì láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ní nígbà tí wọn kò ní gbà á, kí ni òun ń kí i fún? Ẹ jọ̀ọ́, irú fíìmù wo ni a lè máa wò?

Ìdáhùn: Wàáléékúmù sàlámù. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ ní kí àbúrò yín lọ ṣe àlùwàlá. Ìrun tó pa tì yìí burú ju gbogbo fíìmù tó tíì wò rí lọ.

Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ìrun ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́ 45. Bí ọjọ́ nǹkan oṣù bá wà nínú rẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò, a kì í san ìrun ọjọ́ nǹkan oṣù. Ìwé Akhdari tí ọmọ kéwú ń kà, lójú ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì tí àwa ń tọ̀, sọ pé ẹni tó bá ń san ìrun ọjọ́ márùn-ún lójúmọ́ kì í ṣe aláìbìkítà. Ìrun 25 lójúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ kejì ni yóò parí. Kó san án bó ṣe tò, láti Súbùhì dé Ìṣáì. Kò sí àsìkò tí wọ́n kọ̀ fún un, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́. Kó má sì jẹ́ kí ìrun tí àsìkò rẹ̀ wọlé bọ́ nítorí pé ó ń san gbèsè. Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá ti ku mẹ́rin sí ìsàlẹ̀, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrun àsìkò, kódà bí àsìkò yóò bá jáde. Kó fi nọ́fílà, ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, sílẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán, àfi Ṣáfíì àti Wítírì tí a ń kí lẹ́yìn Ìṣáì, òpó méjì tó ṣáájú Súbùhì, àti ìrun ọdún bí ó bá bọ́ sí i.

Hadiisi, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tó dá wàhálà yìí sílẹ̀, òdodo ni. Ó wà nínú àkójọ hadiisi tí Ìmáàmù Muslim ṣe: ẹni tó bá lọ bá aríran, tó sì bi í ní nǹkan kan, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ó lọ bá a, ó sì bi í. Ẹni tó jókòó sílé, tó ń wo òṣèré tó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, tó ń sọ ohun tí wọ́n kọ fún un pé kó sọ, kò lọ bá ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè nǹkan kan. Òṣèré náà kò mọ ohun tó máa bá yín lọ́la, kò sì sọ pé òun mọ̀. Ibo wá ni ogójì ọjọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà?

Kódà ẹni tó lọ bá aríran gan-an, ìrun kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìmáàmù Nawawi tó ṣàlàyé ìwé Muslim sọ pé ẹ̀san ni kò ní rí. Bó bá kí i, ọ̀ranyàn ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, kò ní tún un kí. Bí kò bá kí i, ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ méjì. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó bá gbé hadiisi sórí àga wáàsí láìka àlàyé àwọn onímọ̀ lórí rẹ̀. Ó fẹ́ lé àwọn ènìyàn nídìí fíìmù, ó wá lé ọmọbìnrin kan nídìí ìrun.

Àwọn tí hadiisi náà ń bá wí wà nínú fóònù yín. Àwọn oníláwàní tó ń jókòó lórí Facebook àti TikTok, tí wọ́n ní kí ẹ kọ orúkọ yín àti ti ìyá yín ránṣẹ́ kí àwọn lè tẹ yanrìn wò ó. Ẹni tó kọ orúkọ ránṣẹ́ ti lọ bá a, ó ti bi í, bí kò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá wá gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́, hadiisi míràn wà tó le ju ti ogójì òru lọ: ó ti ṣe àìgbàgbọ́ sí ohun tí a sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). N kò tíì gbọ́ kí àwọn tó ń pariwo fíìmù bá àwọn wọ̀nyí wí.

Ẹni tó ní gbogbo fíìmù ni harámù, kó mú ẹ̀rí wá. Àwọn ará Hábáṣà fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí Mẹ̀dínà, Ànábì sì fi aṣọ rẹ̀ ṣíji bo ìyàwó rẹ̀, ìyá wa Áíṣà, tí Áíṣà ń wò wọ́n títí ó fi sú u. Ẹni tó ní eré lásán ni, kóun náà ka Súrà Isrá, áyà 36: ìgbọ́rọ̀, ìríran àti ọkàn, gbogbo wọn ni a ó bi léèrè. Kò yọ ti eré sílẹ̀.

Fíìmù ẹ̀rù ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́ láìpariwo. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Bó bá jẹ́ ẹranko, ìjì, ọkọ̀ ojú omi tó ń rì, tàbí apànìyàn tó fara pamọ́, ẹ̀rù tí Ọlọ́hun dá mọ́ wa nìyẹn, kò kan àdìsọ́kàn, ìyẹn ohun tí a gbà gbọ́, bí ẹ̀jẹ̀ àti pípa ènìyàn lárá kò bá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ànábì kọ̀ kí a gé ẹ̀yà ara ọ̀tá pàápàá lójú ogun. Kí ni Mùsùlùmí fẹ́ fi ìyẹn ṣe fàájì fún?

Bó bá jẹ́ òkú tó jáde nínú sàréè wá gbẹ̀san, tàbí àkúdàáyà tó kú n'Íbàdàn tó lọ fẹ́yàwó ní Kánò, ẹ lajú yín dáadáa. Súrà Mu'minun, áyà 99 àti 100, sọ pé bí ikú bá dé, wọn yóò ní kí Ọlọ́hun dá àwọn padà. Wọn yóò gbọ́ pé rárá, gàgá kan wà lẹ́yìn wọn títí di ọjọ́ àjíǹde. Òkú kì í padà wá ṣe òwò ní ìlú míràn. Àgbàlagbà tó mọ èyí lè wò ó, kó sì fi rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé makurúhù, ohun tó sàn kí a fi sílẹ̀, ni mo kà á sí. Àbíkẹ́yìn yín kò gbọ́dọ̀ wò ó rárá, torí inú fíìmù ni yóò ti kọ́ ọ̀rọ̀ ikú kó tó dé ilé kéwú.

Àlùjànnú yàtọ̀ ní tiwọn. Òótọ́ ni wọ́n wà, Súrà kan ń jẹ́ orúkọ wọn. Ibi tí fíìmù ti ń ṣì wá lọ́nà ni ohun tí wọ́n ní ó ń lé wọn. Nínú ti òyìnbó, àgbélébùú ni. Nínú tiwa, ààfáà oníláwàní ńlá ni, tó ń sun tùràrí, tó ń pe orúkọ tí kò sí nínú Kùránì, tí àlùjànnú sì ń jíṣẹ́ fún un. Áyà 6 nínú Súrà Jinn sọ nípa àwọn ọkùnrin tó ń sá di àlùjànnú pé ìnira ló bá wọn kún. Fíìmù tó bá fi irú ààfáà yẹn ṣe akọni, n kò fọwọ́ sí i fún ọmọdé tàbí àgbà. Ó burú ju ti babaláwo lọ: ọmọ yín ti mọ̀ pé babaláwo kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n aṣọ tí ààfáà inú fíìmù wọ̀ náà ni olùkọ́ kéwú rẹ̀ ń wọ̀. Èyí tó bá sì fi áyà Kùránì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Súrà Nisá, áyà 140, ti ní ká má jókòó tì wọ́n.

Ẹ yẹ fíìmù wò kí ẹ tó gbé e sójú àwọn ọmọ. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, máa ń fún un ní àmì: G fún tọmọdé tàgbà, PG fún ọmọ tí òbí jókòó tì, lẹ́yìn náà 12, 15, 18. Netflix máa ń kọ ọjọ́ orí àti ìdí rẹ̀ sí igun òkè bí fíìmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lórí IMDb, ìkànnì ayélujára tó ń sọ nípa fíìmù, abala kan wà fún àwọn òbí tó pín ewu sí ọ̀nà márùn-ún. Ti ìhòòhò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ṣùgbọ́n àmì wọn kì í ṣe ìdájọ́ ẹ̀sìn o. Ẹbọ àti oògùn lè kún inú PG, torí ṣíríkì, bíbá Ọlọ́hun wá orogún, kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà sí ewu.

Fíìmù Yorùbá orí YouTube, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní àmì kankan, àwòrán iwájú rẹ̀ sì máa ń parọ́. Kí àgbà kan kọ́kọ́ wò ó. Bí kò bá sí àyè, kó tẹ ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì àti ìdá mẹ́ta tó gbẹ̀yìn wò ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì ka ohun táwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Lórí Netflix, ẹ ya ojú ìwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀, ẹ fi PIN ti tiyín, ẹ sì pa ohun tó ń gbé apá tó kàn wọlé fúnra rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ọkọ yín gbọ́. Fíìmù ọ̀daràn alápá mẹ́jọ, tí apá kan jẹ́ ìṣẹ́jú 45, wákàtí mẹ́fà ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lẹ́yìn Ìṣáì, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni yóò sùn, Súbùhì sì ti sún mọ́lé. Ànábì kórìíra kí a sùn ṣáájú Ìṣáì, ó sì kórìíra ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Apá kan tó lálẹ́ kan. Ẹ má sì dúró níparí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń so ìdẹkùn sí. Ẹ dá a dúró láàárín, níbi tí ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀, oorun yóò wá.

Ẹ̀yin náà, fíìmù ìdílé yín kò mọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Súrà Núr, áyà 30, kọ́kọ́ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ pé kó rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Áyà 31 bá obìnrin náà sọ ọ́. Ìran kan ṣoṣo tó burú, ẹ lè fò ó. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìtàn bá ń mú kí ẹ máa gbàdúrà pé kí àlè borí ìyàwó ilé, fífò kò ràn án. Ti orin, ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fíìmù tó jẹ́ orin àti ijó ni torí-tẹsẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ̀rù fíìmù bá ti wọ ọmọ lára, tí kò lè dá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru mọ́, ẹ má bú u, ẹ má sì fi olóńgbò dúdú halẹ̀ mọ́ ọn. Kó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó ka Ikhlas, Falaq àti Nás, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó fi pa orí, ojú àti iwájú ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Kó ka Áyátùl Kúrísíyù tẹ̀lé e. Bó bá lálàá burúkú, kó fẹ́ itọ́ díẹ̀ sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kó sá di Ọlọ́hun, kó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Títí ẹ̀rù náà yóò fi kúrò lára rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ máa fi fóònù àti ìfetígbọ́ wo tirẹ̀ ní yàrá. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.