Ẹ Má Dorí Ọmọ Tó Mu Omi Kodò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Àwa mẹ́fà la fẹ́ rìnrìn àjò nínú oṣù Kẹjọ tí iléèwé bá ti gba ìsinmi. A máa dé ibi omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, a máa gun Òkè Ìdànrè, a ó sì parí ẹ̀ sí Ìkògòsì. Ọmọ ọdún 8 làwọn ìbejì mi, àbúrò wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Oògùn wo ni kí n dì sínú báàgì? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó dàgbà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ máa bá wa lọ. Wọ́n ní bí ọmọ bá mu omi, ká dorí rẹ̀ kodò, ká tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde, ká sì fún un ní epo pupa díẹ̀ kó lè bì. Wọ́n ti ní kí n gbé ìgò epo kan sínú ọkọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? A ti ra róbà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí fún àwọn ọmọ, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. — Ìyá Ìbejì, Súrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Oògùn lẹ kọ́kọ́ bèèrè, ṣùgbọ́n òun ni màá fi kádìí ọ̀rọ̀ mi, torí kò sí oògùn tí èèyàn lè dì dání fún ohun tó ń pa ọmọ nídìí omi. Ìgò epo yẹn ló ká mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò nínú ọkọ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mi ò lè ka iye èèyàn tó ti bi mí ní ìbéèrè kan náà, láti Ìkòròdú, láti Yábàá, láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo wọn ló ní àgbà kan nílé tó ti rí ọmọ tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò tó sì jí. Mi ò ní kí wọ́n purọ́. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe yọ ọ́ kúrò nínú omi báyìí, á wúkọ́, á mí, ì báà jẹ́ pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò tàbí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Wọ́n rí omi tó ń dà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n rí i pé ó jí, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún tí kò jí ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé àsìkò wọn ló tó.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibi tí omi yẹn ti ń wá. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun: ọ̀kan lọ sínú ikùn, ọ̀kan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí. Èyí tó pọ̀ nínú omi tí ọmọ gbé mì, ikùn ló lọ, òun náà ló ń dà jáde bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Omi ikùn kọ́ ló ń pa á. Èyí tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà pọ̀, ara sì ń tètè fà á sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe kèrègbè tí èèyàn lè dà kodò. Bíi kànrìnkàn ló rí, ẹ gbé kànrìnkàn tútù kọ́, kí ẹ wo iye omi tó máa kán sílẹ̀.

Ohun tó ń pa ọmọ ni pé kò mí. Bí atẹ́gùn kò bá dé ọpọlọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọpọlọ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo àkókò tí ẹ fi ń wá ẹni tó lágbára tó máa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú sókè, inú ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn lẹ ti ń yọ ọ́. Bí ẹ bá tẹ ikùn rẹ̀, oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ á gòkè wá sí ọ̀fun, bí kò bá sì mọ ara rẹ̀ mọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èébì yẹn ń wọ̀.

Epo wá burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ara lè fa omi, kò lè fa epo bẹ́ẹ̀. Bí epo bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, ibẹ̀ á wú, á gbóná, èémí á sì máa há.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá wa ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ kan. Epo ti pọ́n láti àgbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ó ti rin kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbingbin. Ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀ pé òun ṣì dì í mú. Nígbà tí a ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa nǹkan bọ ọ̀fun ọmọ náà, epo ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ìrẹsì. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Epo yẹn la tọ́jú lára rẹ̀ jù, kì í ṣe omi. Mi ò bá ìyá náà wí, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé. Ẹni tí kò bá mọ odò ọ̀ wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi tọ ọmọ, òkú méjì ló sábà máa ń dà. Ẹ ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, kí ẹ sì pariwo kí èèyàn wá. Bí ọmọ bá ti bọ́ sí èbúté, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le, kó kọjú sókè. Ẹ wò bóyá ó ń mí, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Bí kò bá mí, tàbí tó kàn ń mí gúlegúle, ẹ rọra tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ máa rí i pé àyà rẹ̀ ń gbéra. Àwọn olùkọ́ mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tó wù kí wọ́n kọ́ yín, èémí ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n, kí ó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta sísanra àyà rẹ̀, kó yá dáadáa, nǹkan bí 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ kan lè tó fún ọlọ́dún mẹ́rin, ẹ lè nílò méjì fún àwọn ìbejì. Èémí méjì, àyà ọgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é títí tó fi máa mí tàbí tí olùrànlọ́wọ́ fi máa dé. Bí èébì bá jáde, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún máa bá a lọ. Ẹ máà dúró nu ìfófó ẹnu rẹ̀.

Kí ẹlòmíràn pe 112 bí ẹ ti ń ṣe é. Bí ọmọ bá sì jí, tó bá tilẹ̀ ń bèèrè oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n wò ó. Ikọ́, mímí kíákíá àti oorun tí kò bójú mu lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Láti Erin-Ìjẹ̀ṣà, Wesley Guild tó wà ní Iléṣà kò jìnnà. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: kíkà kò tó. Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa (Red Cross) ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ kí wọ́n fi ère tó dà bí èèyàn kọ́ yín kí ẹ tó gbéra.

Róbà tẹ́ ẹ rà kò yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ rárá. Ohun ìṣeré ni. Ọmọ lè yọ́ bọ́ nínú rẹ̀, ó lè jò, omi tó ń ṣàn á sì gbé òun àti ọmọ lọ. Life jacket tó bá ìwúwo ọmọ mu, tó ní okùn tó gba abẹ́ itan rẹ̀, ni kí ẹ wá, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí mo rí àwọn àgbàlagbà tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó, orí itan ni wọ́n ń gbé tiwọn lé.

Nǹkan mìíràn tí àwọn òbí kò mọ̀: ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Ẹnu rẹ̀ wà lórí omi tán, ó tún rì, kò ráyè kígbe. Àgbàlagbà kan ní láti wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwò omi nìkan, láìsí fóònù, láìsí ọtí. Ẹ máa pààrọ̀ ara yín.

Ìpele méje ni omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Nínú òjò, ó máa ń dà pẹ̀lú agbára, orí àpáta sì máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹ má gba ọmọ láyè lábẹ́ ibi tó ti ń já. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tó ń gbé ewé àti igi, tàbí tí ariwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn, kódà bí oòrùn bá ń ràn lórí yín. Ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Pé ìbejì mọ odò ọ̀ wẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ká ní Èkó kò tíì sọ pé wọ́n mọ odò.

Ìdànrè kò le tó bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ gbé omi mímu tó pọ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹnìkan ni ọlọ́dún mẹ́rin máa parí ẹ̀ sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní sickle cell, ẹ rí dókítà rẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí omi tútù, òùngbẹ àti òkè gígùn lè fa ìrora fún un.

Oògùn wàyí: ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) fún ìgbẹ́ gbuuru, paracetamol, báńdéèjì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti oògùn tí ẹnikẹ́ni bá ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ má fún wọn ní antibiotic ṣáájú. Wọn kò gbọdọ̀ mu omi odò. Bí ìtọ̀ ọmọ bá sì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n wọ odò, kó yẹ̀ ẹ́ wò fún àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú odò ń fà.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, kí ẹ sì ka èyí sí wọn létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó dàgbà létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ ojú omi jù mí lọ. Àwọn gan-an ni kí ẹ fi ṣọ́ omi, kí wọ́n jókòó síbi tí ọwọ́ wọn á ti tó èyí àbíkẹ́yìn.