Ṣé Oṣù Mẹ́rin Tó Láti Múra fún Máratọ́ọ̀nù Èkó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 43 ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì, ní Ìbàdàn níbí. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń sáré kìlómítà 10 láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, láti Bódìjà gba Yunifásítì kọjá, kí n tó yí padà sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá àwọn sá máratọ́ọ̀nù Èkó nínú oṣù Kejì, ó sì ku oṣù mẹ́rin. Ṣé ara mi á gbà á? Wọ́n tún ní kí n máa mu omi níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín in lọ́nà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra. Ẹni tó ti ń sá kìlómítà 10 láti ọdún kan lè fi oṣù mẹ́rin múra fún kìlómítà 42 àti mítà 195, bí ara rẹ̀ bá le, tí kò sì kánjú. Ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kún ọjọ́ tí ẹ ń sáré lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ fa eré ọjọ́ Sátidé gùn títí yóò fi tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù kí iṣan lè sinmi. Gígun òkè bíi ti Mápó dára fún ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń ba orúnkún jẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju gígùn ọ̀nà lọ ni ooru. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ Ìbàdàn máa ń gbẹ, òógùn sì máa ń tètè gbẹ lára. Gbígbẹ òógùn yìí gan-an ló ń mú ara tutù. Etí òkun ni Èkó wà, ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, òógùn á kàn máa ṣàn ni láìgbẹ, ooru á sì há sínú ara. Ẹ tún rántí pé ojú ọ̀nà eré náà máa ń gba orí Third Mainland Bridge, afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, tí kò sí ibòji kankan lórí rẹ̀. Kí ẹ lọ sùn ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kò lè mú kí ooru náà mọ́ yín lára, nítorí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń gba ara. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbà yín níyànjú pé nínú oṣù Kìíní, kí ẹ gbé díẹ̀ lára eré kúkúrú yín sí aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, kí ẹ sì sá a ní pẹ̀lẹ́.

Ní ti omi, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àwọn ọ̀rẹ́ yín. Òótọ́ ni pé àìmu omi léwu, àmọ́ àmujù náà léwu, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Iyọ̀ máa ń bá òógùn jáde. Bí èèyàn bá wá ń da píọ̀ wọ́tà sínú ní gbogbo ìgbà láìsí iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ́ bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi kún, omi á sì wọ inú ẹ̀yà ara títí kan ọpọlọ, yóò sì wú. Orí fífọ́, èébì, ìka ọwọ́ tó wú àti ọ̀rọ̀ tí kò já geere ni àmì rẹ̀. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ dúró, kó wá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ. Ẹ mu omi nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, kí ẹ sì máa lo omi oníyọ̀ àti ṣúgà láàárín. Láti mọ ìwọ̀n tiyín, ẹ gun òṣùwọ̀n kí ẹ tó jáde àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé: kílò kan tó dín jẹ́ nǹkan bíi lítà omi kan. Bí ẹ bá wúwo sí i, ẹ ti mu àmujù nìyẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn wò, kí ẹ sì mọ jẹnótáìpù yín. Ẹni tó jẹ́ AS lè sáré, àmọ́ bí ooru bá mú, tí omi ara rẹ̀ gbẹ, tó sì ń fi tipátipá sá a, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà bíi ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, iṣan rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹ má lo òògùn ara ríro ṣáájú eré, nítorí pé ó lè pa kíndìnrín lára nígbà tí omi bá dín nínú ara. Bí ibà bá mú yín lọ́sẹ̀ náà, ẹ má sáré rárá.

Ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fún àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀ títí di alẹ́.

Bí oṣù Kejìlá bá parí tí ẹ kò tíì lè sá kìlómítà 25 láìjẹ́ pé ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàárẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún eré kìlómítà 10 tí wọ́n máa ń sá lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi máratọ́ọ̀nù sí ọdún tó tẹ̀ lé e.