Go ni tàbí Erlang? Ọ̀rọ̀ físà ni kó o kọ́kọ́ gbájú mọ́

Àbúrò, o ní wọ́n ti gbà ẹ́ sí summer school ọlọ́sẹ̀ kan ní Bertinoro, ní Ítálì, lórí àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà concurrent (tó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) àti distributed (tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀). O wá ń béèrè èwo ni kó o kọ́ kó o tó lọ, Go tàbí Erlang. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n oṣù méjì àtààbọ̀ ló kù, o ò sì dárúkọ físà rárá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà.

Físà Type C ni tìẹ, fún ẹni tí kò ní lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180. Òfin Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, Ítálì wà lára wọn) ní o lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú. Má jẹ́ kí ọjọ́ 15 yẹn tàn ẹ́ jẹ. Ọjọ́ 15 mìíràn ni wọ́n fi ń ṣèpinnu, wọ́n sì lè fà á dé 45. Ìgbà tí ìwé bá ti dọ́wọ́ wọn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọ̀sẹ̀ tó o fi ń wá àyè láti wá fi ìwé sílẹ̀ kò sí lára rẹ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà, gba ọjọ́ lónìí, kódà bí lẹ́tà ìkésíni ò tíì dé.

Lẹ́tà ọ̀hún ńkọ́? Má gba èyí tí wọ́n kàn fi kí ẹ kú oríire. Kí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, àdírẹ́sì ibi tó o máa sùn, àti ẹni tó ń san kí ni: owó ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ibùsùn, ọkọ̀ òfuurufú. Kí orúkọ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu láìku lẹ́tà kan. Bó bá jẹ́ oríkì lo fi forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n tún un kọ.

Pásípọ́ọ̀tù: kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, kó ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tó o máa kúrò níbẹ̀, kí ojú ewé méjì ṣófo. Ìnṣọ́ránsì: 30,000 yúrò ó kéré tán, kó kárí gbogbo ilẹ̀ Schengen àti gbogbo ọjọ́ tó o máa lò.

Wàyí o, ohun tí àwọn tó jókòó sídìí kántà kì í là lẹ́nu. Owó físà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ kò ní í san án. Ó wà nínú Visa Code (òfin físà Schengen), Article 16, ìpín kẹrin, lẹ́tà b. Tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kó o fi lẹ́tà yunifásítì rẹ tì í lẹ́yìn. Owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé nìkan ni wàá ṣì san. Wọ́n á tún fi SMS lọ̀ ẹ́, wọ́n á fi yàrá àwọn gbajúmọ̀ lọ̀ ẹ́. Kò pọn dandan, máa rẹ́rìn-ín kó o sì kọ̀.

Báǹkì: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da mílíọ̀nù méjì sínú àkáǹtì rẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Owó tó já lu àkáǹtì lójijì ń pariwo ju àkáǹtì tó gbẹ lọ. Bí ẹnì kan bá ń ràn ẹ́ lọ́wọ́, kó kọ lẹ́tà, kó fi ìwé báǹkì tirẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ ẹ́, pépà tó ní àpótí tí wọ́n fàmì sí ni wọ́n máa fún ẹ. Àpótí méjì ló sábà máa ń pa èèyàn wa: ìdí ìrìn àjò kò dá wọn lójú, tàbí wọn ò gbà pé wàá padà sílé. Lẹ́tà olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ, tó sọ ọjọ́ tó ń retí rẹ padà, ló ń dí àpótí kejì yẹn.

Tó o bá gba scholarship, bi wọ́n bóyá ṣáájú ni wọ́n ń san án tàbí lẹ́yìn. Lẹ́yìn ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Fọ́ọ̀mù wọn á sì béèrè IBAN (nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù), èyí tí àkáǹtì Nàìjíríà kò ní. Kọ nọ́ńbà àkáǹtì oníye mẹ́wàá rẹ àti SWIFT (àmì ìdánimọ̀ báǹkì lágbàáyé) ti báǹkì rẹ, kó o fi ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, torí akọ̀wé owó wọn lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Ó yá, ìbéèrè rẹ. Méjèèjì ni, ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Go jáde láti CSP, àbá nípa ètò tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí Tony Hoare kọ ní 1978. Erlang, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ericsson ní 1986, kò jẹ́ kí process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) méjì pín ohunkóhun lò, message ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ní Go, jẹ́ kí goroutine (iṣẹ́ kékeré tó ń lọ pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn) 1,000 máa fi 1 kún counter (nọ́ńbà tó ń ka iye) kan náà láìsí mutex (àgádágodo tó ń jẹ́ kí ẹyọ kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan). Fi WaitGroup dúró dè wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ main, olórí ètò náà, á ti parí. Ìdáhùn á sábà máa dín sí 1,000, torí counter++ kì í ṣe iṣẹ́ kan: ó ń kà á, ó ń fi kún un, ó ń kọ ọ́ padà. Bí méjì bá ka 41 pa pọ̀, àwọn méjèèjì á kọ 42. Fi `go run -race` wò ó, ó ń ṣọ́ àwọn tó ń fọwọ́ kan ohun kan náà pa pọ̀. Lórí Linux ó ń fẹ́ gcc, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí fi sórí kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀ nìkan ló ń rí o.

Deadlock ńkọ́? Aránṣọ méjì, àlùmọ́gàjí kan, téèpù kan. Ọ̀kan mú àlùmọ́gàjí, ó ń retí téèpù. Èkejì mú téèpù, ó ń retí àlùmọ́gàjí. Ilẹ̀ á ṣú bá wọn. Kí gbogbo wọn máa kọ́kọ́ mú àlùmọ́gàjí, ó tán. Go máa ń kígbe pé gbogbo goroutine ti sùn, ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá ṣì ń rìn, kò ní sọ nǹkan kan.

Ní Erlang, tan node (Erlang kan tó ń ṣiṣẹ́) méjì pẹ̀lú -sname (orúkọ kúkúrú). Bí `net_adm:ping`, tó ń wò ó bóyá wọ́n rí ara wọn, bá dá pang (rárá) padà, ó lè jẹ́ pé cookie (ọ̀rọ̀ àṣírí) wọn ò dọ́gba, tàbí o pa -name (orúkọ gígùn) pọ̀ mọ́ -sname. Kó o sì mọ̀ pé message láti ọ̀dọ̀ process kan sí process kan nìkan ló ń tò tẹ̀léra. Tí process méjì bá ń ránṣẹ́ sí ẹyọ kan, kò sí ìdánilójú ti èwo ló máa kọ́kọ́ dé.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ ọ́ sínú ìkéde pé kò nílò ìmọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Má gbà wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìlà gbọọrọ á kún ojú pátákó, Γ ⊢ P lókè àti nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní túmọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ pé ètò P bá Γ mu. Γ ni àkójọ orúkọ channel (ọ̀nà tí message ń gbà) àti irú ohun tó ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí gbogbo ohun tó wà lókè ìlà bá jẹ́ òótọ́, ti ìsàlẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti máa kà á lọ sókè. Session types, ìlànà tó ń to ọ̀rọ̀ àárín ètò méjì tẹ̀léra, tí Kohei Honda bẹ̀rẹ̀ ní 1993, kò ju ọjà rírà lọ: oníbàárà béèrè iye, ọlọ́jà dárúkọ owó, oníbàárà san, ọlọ́jà gbé ọjà fún un. Bí àwọn méjèèjì bá dákẹ́ tí wọ́n ń retí ẹnu ara wọn, compiler (ohun tó ń túmọ̀ ètò fún kọ̀ǹpútà) á ti kọ̀ ọ́ kí ètò tó ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá ní Rust, èdè mìíràn, wà níbẹ̀, ṣe `cargo fetch`, tó ń wa ohun tí ètò nílò sílẹ̀, nílé, torí Wi-Fi tí ọgọ́ta èèyàn jọ ń lò kì í gbé e. Ẹnu wáyà kọ̀ǹpútà wa kì í wọ ihò iná wọn. Ra adapter ní Nàìjíríà. Láti Bologna, ọkọ̀ ojú irin á gbé ẹ dé Forlì, bọ́ọ̀sì ló kù tó máa gbé ẹ lọ sí Bertinoro lórí òkè. Kí gbogbo ìwé físà yẹn wà nínú báàgì tó o gbé lọ́wọ́, má fi sínú èyí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, torí ọlọ́pàá ẹnubodè lè tún béèrè gbogbo rẹ̀.