Pámpásì kan láti àárọ̀ dalẹ́: báwo la ṣe máa sọ ọ́ láì dójú ti ìyá ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ oṣù mọ́kànlá kan wà lọ́dọ̀ wa, pámpásì tó wọ̀ wá láàárọ̀ náà ló máa ń wọ̀ lọ sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ̀lẹ ni ìyá rẹ̀, àmọ́ èmi rò pé owó ni kò sí. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn òbí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dójú tì í. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ò bá wọn pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá kan gbé ọmọ wá bá mi rí torí pé ìdí ọmọ náà bó. Mo tú pámpásì rẹ̀, mi ò rí òwú nínú ẹ̀. Ìyá náà ti yọ èyí tó rin dànù, ó ká síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ síbẹ̀, ó wá fi okùn so ó torí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò mú mọ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ rẹ̀. "Láàárọ̀ yìí ni." Ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀lẹ kì í ṣe irú làálàá yẹn.

Nípàdé yín, ìṣirò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má mẹ́nu ba ọmọ kankan. Ọmọ tuntun lè lo pámpásì 8 sí 12 lóòjọ́. Ká mú un ní 10, 300 nìyẹn lóṣù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà ti gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyá tí kò rí pámpásì kó fún ọmọ lọ sílé ìtọ́jú á jókòó sílé, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á lọ, ti ọ̀la á tún wá le sí i. Kódà ní Amẹ́ríkà, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní, ìyẹn SNAP, kò ṣeé fi ra pámpásì. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2013 láti ìlú New Haven fi hàn pé nínú ìyá 10 tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 tí pámpásì ń wọ́n lọ́wọ́. Tí ẹ bá sọ èyí, kò sẹ́ni tó máa máa wojú ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n kó pámpásì wá, kódà àpò tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ti mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Ti ọmọ jòjòló ni gbogbo èèyàn máa ń rà. Ẹ bèèrè ìwọ̀n 4, 5 àti 6, ti àwọn ọmọ tó ti tóbi díẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó gbà sílẹ̀. Kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kàn máa mú nínú ẹ̀ fún ọmọ èyíkéyìí tó bá rin.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó bá pẹ́ lára ọmọ máa ń jẹ awọ. Ẹ fi omi ṣan án, ẹ rọra fi aṣọ gbẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i díẹ̀, kí ẹ tó fi báásílínì pa á. Tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń kún fún ọyún, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ gbé e wá.

Tí ìyá náà bá wá gbé ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ sọ fún un pé, "A pààrọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, ó sì sùn dáadáa." Ẹ má fi nǹkan kan kún un.