Omi Ni Sẹ̀ǹtímítà Tó Sọnù Yẹn: Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Ń Bẹ̀rù Ọjọ́ Ìsinmi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, oṣù keje rèé tí mo ti ń gbé irin. Ọjọ́ mẹ́fà ni mò ń lọ sí jíìmù lọ́sẹ̀: àyà lọ́jọ́ Ajé, èjìká lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, apá l'Ọjọ́rú, màá wá tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo fi ń sinmi. Tí mo bá fi téèpù wọn apá mi lálẹ́ Àbámẹ́ta tí mo ṣe tán, á tó sẹ̀ǹtímítà 37. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ó ti di 36. Àwọn tá a jọ ń gbé irin ní ìsinmi ló ń jẹ iṣan mi. Ṣé kí n yọ ọjọ́ ìsinmi yẹn kúrò ni, àbí ọjọ́ mìíràn ló dáa jù? Èjìká òsì ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti lo ibuprofen, oògùn ìrora, kí n tó bẹ̀rẹ̀, kì í yọ mí lẹ́nu.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ka ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mi ò rí ibi tí o ti dárúkọ ẹsẹ̀. Ó dáa, a máa débẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ò ṣẹ̀ ọ́ o. Iṣan ò mọ Àìkú, kò mọ Ajé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni iye wákàtí tí iṣan kan ní kó o tó tún fi irin pè é. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ téèpù yẹn, torí ó ti sú mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní kọ̀wé sí mi pé ìsinmi ọjọ́ kan ti jẹ òun níṣan.

Nígbà tí o bá ń gbé irin, ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Bí iṣan ṣe ń sún kì léraléra, ó ń fún àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn pọ̀, èyí tó ń wọlé á wá ju èyí tó ń jáde lọ. Omi á máa jò láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sáàárín iṣan. Ìdí nìyẹn tí apá fi ń le gbandi, tí awọ ń fà, tí apá aṣọ á sì fún mọ́ ẹ. Pump làwọn oníjíìmù ń pè é. Láàárín wákàtí mélòó kan, omi yẹn á padà síbi tó ti wá. Òun ni sẹ̀ǹtímítà kan tó ò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Tó o bá fẹ́ wọn apá, wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kó o tó fọwọ́ kan irin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lójú ibì kan náà. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, sọ téèpù nù.

Iṣan gangan kì í dàgbà nínú jíìmù. Lẹ́yìn tí o bá kúrò níbẹ̀ ló máa ń fi purotéènì mọ ara rẹ̀, iṣẹ́ náà sì máa ń gbóná fún bíi wákàtí 24 sí 48. Lọ́jọ́ Àìkú tí o dùbúlẹ̀ tí ò ń banú jẹ́, iṣẹ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ lọ́wọ́ nínú apá rẹ. Ẹni tó bá tiẹ̀ pa irin tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, agbára tó máa ń sọnù lára rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tó bá sì lọ máa ń tètè padà. (Ẹni tí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ PÓPÙ, ìyẹn símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń de eegun tó ṣẹ́, tàbí tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀: iṣan tiẹ̀ máa ń tètè joro. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù yìí ti wá.)

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dárúkọ àwọn agbérin Bulgaria tí Ivan Abadjiev kọ́, tí wọ́n ń gbé irin lójoojúmọ́, ìgbà mélòó kan lóòjọ́. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, wọn ò níṣẹ́ mìíràn. Ní Òlíńpíìkì Seoul 1988, wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ méjì nínú wọn nítorí oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀, ẹgbẹ́ náà sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Má fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe.

Wàyí o, èjìká. O rò pé o ti pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta, o ò pín in. Bench press ọjọ́ Ajé, ìyẹn dídùbúlẹ̀ ti irin sókè láti orí àyà, iwájú èjìká àti ẹ̀yìn apá ló ń bá àyà tì í. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o ń ti irin sókè orí, àwọn náà ni. L'Ọjọ́rú, ẹ̀yìn apá tún ni. Ẹ̀yìn apá rẹ kò sinmi rárá láti Ajé dé Àbámẹ́ta, èjìká rẹ sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nínú mẹ́fà. Tendon, okùn líle tó so iṣan mọ́ eegun, kì í sì í tètè lágbára bí iṣan, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré. Lóṣù keje, iṣan rẹ lè máa gbé ohun tí tendon ò tíì múra fún.

Bó bá jẹ́ tèmi ni, ọjọ́ mẹ́rin ti tó ẹ. Òkè ara lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀. Kí squat (lílóṣòó dìde pẹ̀lú irin léjìká) àti deadlift (gbígbé irin nílẹ̀ títí o fi nàró) jọ wà lọ́jọ́ ẹsẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń jìyà méjèèjì, kó lè rí ọjọ́ yòókù fi sinmi. Sinmi l'Ọjọ́rú, Àbámẹ́ta àti Àìkú. Rìn tó o bá fẹ́, gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, sì máa sùn tó wákàtí méje ó kéré tán.

Mi ò tíì fojú rí èjìká rẹ, nítorí náà má fi ìwé yìí ṣe àyẹ̀wò. Dá títi irin dúró ná, kó o lọ jẹ́ kí dókítà tàbí oníṣẹ́ fisio wò ó, pàápàá tó bá ń jí ẹ lóru tàbí tí ọwọ́ ò lọ sókè mọ́. Ibuprofen yẹn, jọ̀ọ́, má lò ó kó o tó gbé irin mọ́. Kò wo nǹkan kan sàn, ó kàn pa ẹnu ìrora mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ó lè ṣe kíndìnrín àti inú léṣe, pàápàá tí òógùn bá ti gbẹ omi ara rẹ. Bí ìtọ̀ rẹ bá sì dúdú bíi Coca-Cola lẹ́yìn irin gbígbé, tí ara ń ro ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, má kọ̀wé sí mi.